Ẹsẹ̀ Gbọ́dọ̀ Ga Ju Ọkàn Lọ

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Reino Kangas sọ di ọlọ́run. Ẹlòmíràn ń bọ owó, ẹlòmíràn ń bọ ikùn, ọkùnrin yìí ń bọ ẹsẹ̀. Ohun tó ń rùn nínú ìbọ̀sẹ̀, tí èékánná rẹ̀ ti dúdú, òun ló gbé ọkàn lé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gun òrùlé lọ kó òjò dídì kúrò. Ní ìlú wa, Halvari, ní àríwá Míṣígánì, òjò dídì a máa bọ́ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Bí wọn kò bá kó o kúrò, òrùlé á wó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Reino fi ṣe iṣẹ́ náà. Kò so okùn mọ́ ìbàdí rí, kò sì ṣubú rí. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá ń so okùn, á dúró sí ṣóńṣó òrùlé, á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo ìdin.

"Ẹ so ó kó le o," á ní. "Ìyá yín ń retí yín nílé."

Èmi tí mò ń kọ èyí kò kàwé púpọ̀, mo sì ń rọra kọ ọ́, nítorí ẹni tó bá ń sọ ìtàn ẹlẹ́gàn, ẹ̀gàn lè ràn án. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Àmọ́ Reino fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níwájú ìjọ, ó ní kí a má bo ohunkóhun. Nítorí náà mi ò ní bò ó.

Ilé tó kángun sí tirẹ̀ ni Urho Niemela ń gbé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ. Onígbàgbọ́ ni. Ní àràárọ̀, Urho á kó eérú inú ààrò rẹ̀ sínú garawa irin, á wọ́n ọn sí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ àti sí ojú ọ̀nà, kí yìnyín má baà yọ ẹsẹ̀ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Bí eérú bá ṣẹ́kù, á wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò. Hilja, ìyá Reino, náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà láyé.

Nítorí èyí Reino sọ ọ́ ní Eléérú. Kò pè é ní bàbá. "Ìwọ" ló ń pè é, bí ẹni ń pe ajá.

"Eléérú, o tún ti dé. O fẹ́ fi ìdọ̀tí ààrò rẹ ba ẹnu ọ̀nà mi jẹ́."

"Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn rẹ, ọmọ Hilja. Mo ní kí n bu díẹ̀ sí i."

"Àwọn arúgbó ni kí o lọ wọ́n eérú fún. Ẹsẹ̀ mi ò mọ yìnyín."

"Òótọ́ ni. Àmọ́ yìnyín mọ ẹsẹ̀."

"Jésù tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó wọ́n eérú kó tó rìn lórí omi ni?"

Urho ronú sí i díẹ̀. "Omi ọ̀hún ò tíì dì," ló wí. Ó wọ́n eérú rẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí wáyé, nínú oṣù kìíní ọdún. Ní Sátidé, gbogbo wa a máa dáná sí ilé ìwẹ̀ wa, a ó jókòó sínú ooru títí òógùn yóò fi wẹ̀ wá. Ti Reino wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Kó tó wọ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo eérú tí Urho wọ́n sí àtẹ̀gùn rẹ̀ dànù. Ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá ní títì rí eérú lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń rìn lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì láìsí okùn.

Ó mu bíà mẹ́rin nínú ooru náà. Ó wọ bàtà rọ́bà jáde, ó ta aṣọ ìnura lé èjìká, kò sí òmíràn lára rẹ̀. Èéfín ń rú lára rẹ̀ bí ọ̀dùnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Ó gun àtẹ̀gùn kìíní. Ó gun ìkejì.

Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ni. Ẹni tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ò gbé ṣubú, tí ilé alájà mẹ́ta ò gbé ṣubú, àtẹ̀gùn ilé ìdáná rẹ̀ ló gbé e ṣubú. Ó gbọ́ bí egungun ti dún. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé àtàǹpàkò ti kọjú síbi tí kò yẹ kó kọjú sí.

Ó ké. Urho ló gbọ́, ó mú kóòtù kan, ó sì gbé garawa rẹ̀ dání.

"Mi ò pè ọ́," ni Reino wí láti ilẹ̀.

"Rárá o. Ẹsẹ̀ rẹ ló pè mí." Urho da kóòtù bò ó, ó sì kọjú sí ibòmíràn títí Reino fi bo ìhòòhò rẹ̀.

Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ́ ní apá méjèèjì. Àwọn dókítà là á, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan àti ìṣó méje so egungun náà pọ̀, wọ́n rán an, wọ́n sì fi bàtà líle kan dì í dé orúnkún. Wọ́n ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹsẹ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n fún un ní igi méjì tí yóò máa fi sí abẹ́ apá.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tó ń jẹ́ Marlys. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn tí egungun wọn ti fọ́ bí wọn yóò ṣe tún máa rìn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó wo ẹsẹ̀ Reino tó wú bí iṣu, ó bi í pé, "Báwo lẹ ṣe ń jókòó nílé, Ọ̀gbẹ́ni Kangas?"

"Bí ọkùnrin."

"Ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ kó ìrọ̀rí mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ga ju ọkàn yín lọ. Bí ọkàn bá ga ju ẹsẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sísàlẹ̀, á máa wú, ojú ọgbẹ́ ò sì ní jiná."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú mi. Obìnrin yẹn kò mọ̀ pé òun ń wàásù. Ìwòsàn ẹsẹ̀ ló ń sọ. Àmọ́ gbogbo àìsàn Reino láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Ọkàn rẹ̀ ga jù.

Ó padà sílé, ó sì jókòó gẹ́gẹ́ bó ti ń jókòó, lórí àga lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ nílẹ̀, bíà lọ́wọ́.

"Ọmọ ọwọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ sókè sùn," ló wí fún Urho.

Nítorí Urho ń wá. Ta ni ì bá tún wá? Ìyàwó Reino ti kó jáde ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ẹ̀gàn ló sì lé e jáde, kì í ṣe lílù. Àwọn tí wọ́n jọ ń gun òrùlé, àwọn tó ń fi ìyá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, kò sí ìkankan nínú wọn tó yọjú. Urho ló ń gbé igi ìdáná wọlé láràárọ̀. Urho ló ń dáná. Urho ló ń kó eérú inú ààrò Reino, tó sì ń wọ́n ọn sí àtẹ̀gùn Reino, kí igi abẹ́ apá rẹ̀ má baà yọ̀ nígbà tó bá ń jáde lọ síbi ìtọ́jú. Urho náà ló sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ àtijọ́ gbé e lọ. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi mílíìkì àti ọ̀dùnkún sè wá fún un.

Reino tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

"Iyọ̀ ń wú ẹsẹ̀," ni Urho wí.

"Kí lo ń wá lára mi gan-an, Eléérú? Ṣé o fẹ́ kí n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì yín láàárín àwọn tó ń sunkún?"

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń tọ́jú báyìí."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Reino bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀. Bí Urho bá ti lọ, á ju igi méjèèjì sílẹ̀, á di tábìlì mú, á fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ láti ibi ààrò dé ibi fèrèsé. Ó ń dùn ún, ó ń gbádùn ìrora náà. Ó ní irọ́ ni dókítà ń pa, pé àwọn tí egungun wọn rọ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé òfin wọn fún. Òmùgọ̀ tó ń gun òrùlé ti di òmùgọ̀ tó ń yí ilé ìdáná ká, kò sì sí ẹni tó ń wò ó, ó ń fi ara rẹ̀ yangàn fún abọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, bàtà líle náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Nígbà tí dókítà tú u, ojú abẹ ti là, omi pupa àti omi yẹ́lò ń jáde. Dókítà náà kò bú u. Ó kàn fi àwòrán egungun hàn án, ó fi ìka sí ìṣó kan.

"Èyí ti ń mì. Bí ẹ bá tún gbé ara lé ẹsẹ̀ yìí kí n tó ní kí ẹ gbé e lé e, á yọ. A ó wá fi irin de oríkèé yẹn pa. Kò ní ká mọ́ títí ẹ ó fi kú. Ẹ ò ní gun àkàbà mọ́, áńbọ̀sìbọ́sí òrùlé."

Ẹ̀rù ba Reino nígbà náà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó ti ronú pìwà dà. Ẹ̀rù kì í ṣe ìrònúpìwàdà. Mo mọ ẹ̀rù dáadáa, òun ló ń jí mi láràárọ̀, mo sì lè sọ fún yín pé èèyàn lè bẹ̀rù títí kó má yí padà. Ẹsẹ̀ Reino ga lórí ìrọ̀rí, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ṣì wà lórí òrùlé.

Ní ọjọ́ kan, ó bi Urho léèrè pé, "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ta ló ní kí o máa kó eérú mi?"

Urho jókòó lórí garawa náà tó dojú rẹ̀ dé.

"Ìyá rẹ ni."

"Ìyá mi ti kú láti ogún ọdún."

"Mo mọ̀. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí nígbà tí mo mutí yó, tí mo gbàgbé ọmọ mi obìnrin sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ tí òtútù ń pa ẹyẹ. Hilja ló rí i, òun ló gbé e jáde, tó fi í sí àyà rẹ̀ títí ó fi gbóná. Lẹ́yìn náà ó wá bá mi nílé. Mo rò pé ó wá bú mi. Ó wọ́n eérú sí àtẹ̀gùn mi. Lọ́jọ́ kejì ó tún wọ́n ọn. Mo ń bú u láti inú ilé bí o ti ń bú mi yìí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo jáde sí i, mo ní kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"O mọ̀ ọ́n."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ìjọ wa tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wúwo lórí èèyàn, kò ní kó o lọ síbi tó jìnnà. Á tọ onígbàgbọ́ kan lọ, á jẹ́wọ́, á sì bẹ̀ ẹ́. Onígbàgbọ́ náà á fi apá yí i lọ́rùn, á sọ fún un ní orúkọ Jésù pé a ti dárí jì í. Ohun tí Jésù fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rà ni à ń fi ẹnu sọ. Àmọ́ a kì í sọ ọ́ fún ẹni tí kò béèrè.

"Ṣé èmi ni kí n wá bẹ ìwọ?" ni Reino wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi, kí n bẹ Eléérú?"

"Kò pọndandan kó jẹ́ èmi," ni Urho wí. "Àmọ́ èmi ni mo wà nítòsí." Ó gbé garawa rẹ̀, ó sì jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gun òrùlé pè é lórí fóònù pé àwọn yóò yà kí i ní ìrọ̀lẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí Reino lọ́kàn ni eérú tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọn yóò rí i, wọn yóò sì ní Kangas ti darúgbó. Ó fi ìdí wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbá eérú náà kúrò, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, títí yìnyín fi ń dán bí díńgí.

Wọn kò wá. Wọn kò tilẹ̀ pè pé àwọn kò wá mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Urho dé pẹ̀lú igi ìdáná, ó kó o mọ́ àyà dé àgbọ̀n, kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò bẹ̀rù àtẹ̀gùn náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ́n eérú sí i lánàá, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e bí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Reino wà lójú fèrèsé. Ó rí i bí igi ti fọ́n ká. Ó rí bàbá náà tó fi ìbàdí balẹ̀. Ó retí kó dìde. Kò dìde.

Òtútù ọjọ́ yẹn le débi pé fìlà rẹ̀ tó já bọ́ ti gan kí Reino tó rí fóònù. Ó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àmọ́ òjò dídì ti dí ọ̀nà, kó fún àwọn ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ogójì ìṣẹ́jú nínú òtútù yẹn, fún arúgbó tó fi orí lásán sùn lórí yìnyín. Reino kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ìyókù fún un.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó dúró lórí igi méjèèjì, ó wo àtẹ̀gùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá. Bí ó bá fi igi sọ̀kalẹ̀, igi á yọ̀. Bí igi bá yọ̀, ẹsẹ̀ á tẹ ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ilẹ̀, ìṣó á yọ, òrùlé ti parí nìyẹn. Ó dúró. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dúró. Ó sọ fún wa pé òun dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, pé òun gbọ́ tí ọkàn òun ń wí pé, "Ta ló ní kó wá?" Ẹ wo ọkàn tí à ń pè ní ọkàn èèyàn.

"Reino," ni Urho pè é láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ti ń wárìrì. "Má sọ̀kalẹ̀ o. Ẹsẹ̀ rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fọ́ ọ. Kì í ṣe ìbínú Ọlọ́run, kì í ṣe iná ọ̀run àpáàdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná náà wà. Ẹni tí Reino ṣe lọ́ṣẹ́ wà lórí yìnyín, ẹsẹ̀ Reino ló ń rò.

Ó ju igi sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fa garawa eérú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mọ́ra, eérú tí kò tíì tutù tán, ó gbé kúbùsù lé ẹ̀yìn, ó sì fi orí ṣíwájú sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀. Ó ń bu eérú lẹ́kúnwọ́ sí iwájú, ó sì ń fi àyà wọ́ lórí rẹ̀. Eérú wọ ẹnu rẹ̀. Eérú wọ ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n dì, ó gbé e sókè lẹ́yìn kó má baà kan nǹkan kan.

Ọkàn rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń lu yìnyín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Ohun tí Marlys ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún bẹ̀ ẹ́ kó ṣe, ọjọ́ náà ló ṣe é.

Ó dé ọ̀dọ̀ Urho, ó fi kúbùsù wé e, ó dùbúlẹ̀ tì í kó lè gba ooru ara òun.

"Ẹ má sùn," ni Reino wí.

"Mi ò sùn. Mò ń wò ọ́." Eyín Urho ń gbá ara wọn. "O dà bí ológbò tó jáde láti inú ààrò."

"Èmi ni mo gbá eérú náà. Lánàá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì gùn ún?"

"Ìgbà tí mo ṣubú ni mo mọ̀. Ìsàlẹ̀ níbí lèèyàn ti ń rí nǹkan."

Reino bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún àgbàlagbà, tí kò ní ìlànà, tí imú ń dà. Kò lẹ́wà. Ẹni tó bá ń wá ìyípadà ọkàn tó lẹ́wà, kó wá a lọ sínú àwòrán.

"Bàbá," ló wí. Láti ogún ọdún tí wọ́n ti ń gbé nítòsí ara wọn, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Mo kẹ́gàn yín. Mo kẹ́gàn ìyá mi tó bí mi. Mo lé ìyàwó mi. Mo dúró lórí òrùlé ilé Ọlọ́run, mo tu itọ́ sílẹ̀ sórí àwọn tó ń wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀. Bí ìdáríjì kò bá tíì tán, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Urho gbìyànjú láti gbé apá. Ó dùn ún, ó gbé e náà. Ó fi apá tó kún fún eérú yẹn yí i lọ́rùn.

"Kò tán, ọmọ Hilja. Gbà á gbọ́ pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni a dárí jì ọ́, ní orúkọ Jésù àti nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ ni mo ti gbà á. Gbà á padà."

Ó sì gbà á gbọ́. Lórí yìnyín níbẹ̀, kó tó dìde, kó tó tún ohunkóhun ṣe, kó tó sin Ọlọ́run fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá àgbàlagbà méjì tó dúdú bí ìkòkò, tí wọ́n di ara wọn mú. Wọ́n bi wọ́n pé, "Èwo nínú yín ló ṣubú?"

"Àwa méjèèjì ni," ni Urho wí.

Ìbàdí Urho ló fọ́. Àwọn dókítà tún un ṣe. Wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀ Reino náà. Ìṣó méjèèje wà ní ipò wọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, Marlys gbé òṣùwọ̀n kan sílẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń dúró lé láti mọ bó ṣe wúwo tó. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Kangas. Díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé e." Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin tó ń rìn lórí òrùlé láti tẹ ilẹ̀. Marlys fi ọwọ́ ká ẹsẹ̀ náà, ó mi orí. "Ọrùn ẹsẹ̀ yín le jù."

Láti orí àga kejì, Urho, tó ń kọ́ ìrìn pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀, sọ̀rọ̀. "Ọrùn méjèèjì ló le, arábìnrin mi. Ti òkè ló kọ́kọ́ rọ̀."

Reino rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Oríkèé náà kò ká tán mọ́. Kò gun òrùlé mọ́. Ìgbà òtútù méjì ti kọjá, ẹ sì lè rí i láràárọ̀ tó ń tiro kiri òpópónà wa pẹ̀lú garawa irin, tó ń wọ́n eérú sí ẹnu ọ̀nà Urho, sí ti àwọn opó, sí ti àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Eléérú ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Ó ń dá wọn lóhùn.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́?

O ti fi Reino rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. O ní ọkùnrin òmùgọ̀ ni. O sì ń wí lọ́kàn pé kò sí yìnyín ní ìlú tìrẹ. Ìgbéraga rẹ kò nílò yìnyín. Owó rẹ ń yọ̀ bíi yìnyín. Ara rẹ tó le ń yọ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ ń yọ̀ jù wọ́n lọ. Ẹnì kan sì ti wọ́n eérú sí ẹnu ọ̀nà rẹ, bóyá ìyá tó ń gbàdúrà, bóyá aládùúgbò tí o kò kí rí, bóyá ìwé yẹpẹrẹ yìí tí o fẹ́ fi nu ọwọ́. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Mo rí i.

Mi ò gbójú lé ara mi láti bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé o lè gbá eérú náà tán lónìí, kí ẹlòmíràn ṣubú lé e lọ́la, kí ìwọ wà lójú fèrèsé.

Gbogbo ohun tí o fi ń yangàn, Ọlọ́run kò kà á sí. Ẹ̀gàn ló jẹ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí gbogbo ayé ń gàn tí òun kì í gàn: ọkàn tó ti fọ́, tó wà nílẹ̀, tó ń bẹ̀. Jésù ti sọ̀kalẹ̀ jù ọ́ lọ kí o tó ronú àtisọ̀kalẹ̀. Ó ti kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ó ti jíǹde, ó sì wà nítòsí ju Urho lọ. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Béèrè lónìí, níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó dìde.

Kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kúnlẹ̀, àbúrò. Ẹsẹ̀ ò ní kú nítorí pé o kúnlẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nílẹ̀, ibo ni yóò tún ṣubú sí?